Ìwé Owó Oṣù, Láti Bébà Dé Kọ̀ǹpútà: Ọwọ́ Ta Ni Ẹ̀dà Tiyín Wà?

Ọ̀rọ̀ owó oṣù la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Pé owó náà kò tó ná, ìyẹn ti di orin tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n kọ. Ìwé tí wọ́n kọ owó náà sí gan-an là ń sọ.

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Òṣìṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà á ṣiṣẹ́ títí á fi pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí títí á fi pé ẹni ọdún 60, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́. Ìwé ni wọ́n máa béèrè: ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, ìwé ìgbéga, ìwé tó fi iye tó ń gbà hàn. Bí ìwé bá pé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ìwé bá sọnù, iṣẹ́ ọdún 35 lè di ìtàn lásán lẹ́nu àgbà. Gbogbo wa la mọ bàbá kan tàbí ìyá kan ládùúgbò tó ti lọ tó ti bọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nítorí fáìlì kan tí wọn ò rí.

Ní báyìí tí gbogbo nǹkan ti wọnú kọ̀ǹpútà, àwọn kan ń sọ pé wàhálà bébà ti tán nìyẹn. Àwọn mìíràn ń sọ pé bébà ló dáa jù, pé ẹ̀rọ ò ṣeé fọkàn tán. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn wò ká tó gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ni pé ìgbàkigbà tí owó òṣìṣẹ́ bá wà láìléwu, ẹ̀dà méjì ló máa ń wà: ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó lowó.

Káàdì alájọ

Kí fáìlì tó dé ilẹ̀ wa, àwọn baba ńlá wa ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ owó tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá èésú. Kálukú á dá iye kan náà lásìkò kan náà, lábẹ́ olórí kan, wọ́n á sì máa kó o fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò nílò ìwé kankan. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni ìwé wọn. Nígbà tí èèyàn mẹ́wàá bá jọ mọ iye tí Àlàbí dá, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ò lè yí i padà.

Nígbà tó di ayé alájọ tó ń gba owó kiri ọjà lójoojúmọ́, káàdì dé. Àwọn ìyá wa mọ káàdì yìí dáadáa. Àyè 31 ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù, owó ọjọ́ kan sì ni èrè alájọ. Bí alájọ bá ti gba owó, á sàmì sínú ìwé tirẹ̀, á tún sàmì sí káàdì oníbàárà. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ fi káàdì òun sílẹ̀ sọ́wọ́ alájọ. Bí ìwé alájọ bá sọ pé ọjọ́ 20 ló dá, tí káàdì ìyá sọ pé ọjọ́ 23 ni, ìjà lè wà o, àmọ́ ẹ̀rí wà nílẹ̀. Ẹ fi káàdì yìí sọ́kàn, torí òun la máa fi wọn gbogbo èyí tó kù.

Owó orí tábìlì

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó ní 1896, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn ní 1901, iṣẹ́ olówó oṣù àti owó ọjọ́ wá pọ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́jọ́ owó, akápò á jókòó sídìí tábìlì, ìwé gígùn tí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ á wà níwájú rẹ̀. Wọ́n á pe orúkọ, onítọ̀hún á jáde, wọ́n á ka owó sí i lọ́wọ́, á sì fọwọ́ síwèé. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka.

Ètò yìí ní oore kan: ó di dandan kí èèyàn ẹlẹ́ran ara jáde síwájú tábìlì kí owó tó kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti yàtọ̀ sí ti alájọ. Òṣìṣẹ́ fi àmì ìka rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá, kò sì mú ìwé kankan lọ sílé. Bí fọ́mààn bá yọ díẹ̀ níbẹ̀, tàbí bí akápò bá kọ ṣílè márùn-ún tó san mẹ́ta, ìwé kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀, ọwọ́ wọn ló wà.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò jà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1945, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ńlá nítorí pé ogun ti mú kí ọjà gbówó lórí, owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún wọn ò sì tó nǹkan kan mọ́. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tó ṣáájú. Ọjọ́ 44 ni wọ́n fi jà á l'Ékòó. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Tudor Davies dìde, wọ́n sì fi kún owó náà. Láti ìgbà yẹn lọ, owó oṣù kúrò ní iye tí ọ̀gá kàn dá lójú ara rẹ̀. Ó di ohun tí ìgbìmọ̀ ń jókòó lé lórí, tí wọ́n ń pín sí ìpele, tí wọ́n sì máa ń kà padà sẹ́yìn nígbà míì. Ìwé wá di ọba.

Ayé Udoji

Ẹ̀yin àgbà ò lè gbàgbé Udoji. Ìgbìmọ̀ tí olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ fún ìjọba Gowon ní 1974. Wọ́n to òṣìṣẹ́ ọba sí ìpele láti 01 dé 17, wọ́n fi kún owó, wọ́n sì ka àfikún náà padà sí oṣù Kẹrin 1974. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, owó ẹ̀yìn yẹn bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lápapọ̀. Àwọn kan ra rédíò, àwọn kan ra mọ́tò. Ọjà náà ò dúró, ó fò sókè.

Àwọn tó rántí ìnáwó náà pọ̀, àwọn tó rántí iṣẹ́ àwọn akọ̀wé ò pọ̀. Kí wọ́n tó mọ iye tó tọ́ sí ẹnì kan, wọ́n ní láti ṣí fáìlì rẹ̀, kí wọ́n wo ọjọ́ tó wọṣẹ́, ipò tó wà, ìgbà tí wọ́n gbé e ga gbẹ̀yìn, kí wọ́n wá fi bírò ṣírò rẹ̀ lórí bébà. Bí fáìlì bá pé, ìṣirò á tọ́. Bí fáìlì bá dàrú, ìṣirò á dàrú.

Ikán, iná àti ayédèrú òṣìṣẹ́

Ẹ má jẹ́ ká bú bébà o. Ó ní iyì tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá pa iye rẹ́ láti kọ òmíràn, ojú á rí i. Kí fáúṣà tó di owó, ó máa gba ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó fọwọ́ sí i àti akápò. Bí olè bá sì fẹ́ jí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, àfi kó gbé ọkọ̀ ńlá wá.

Àmọ́ ọ̀tá bébà pọ̀. Ikán ń jẹ ẹ́, eku ń jẹ ẹ́, òjò ń pa á. Ọ̀tá tó burú jù níbẹ̀ ni èèyàn. Fáìlì tí wọ́n bá fẹ́ kó sọnù á sọnù, èyí tí wọ́n bá fẹ́ rí á jáde lẹ́yìn tí owó ọtí bá ti kọjá. Iná sì tún wà. Ní oṣù Kìíní 1983, iná jó ilé gogoro NET ní Marina l'Ékòó, ọ̀pọ̀ aráàlú ló sì gbà pé nítorí àtibo àṣírí owó ni. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2020, iná tún ṣẹ́ yọ ní ọ́fíìsì Olùṣirò Àgbà ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ìlú ni pé, "Àwọn ìwé wo ló jóná?" Bí iná yẹn ṣe ṣẹlẹ̀ lọ̀tọ̀, ìbéèrè yẹn lọ̀tọ̀. Ìbéèrè náà fi hàn pé gbogbo wa mọ̀ pé níbi tí ẹ̀dà kan ṣoṣo bá wà, ìṣáná kan ti tó o.

Àrùn kejì ni ayédèrú òṣìṣẹ́. Nígbà tí owó orí tábìlì kásẹ̀ nílẹ̀, tí owó ń gba bánkì lọ, kò pọn dandan mọ́ kí èèyàn ẹlẹ́ran ara jáde. Orúkọ nìkan ti tó. Ẹni tó ti kú ń gbowó, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ń gbowó, ẹni tí wọn ò bí rárá ń gbowó. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ orúkọ sínú ìwé ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Kọ̀ǹpútà dé

Láti 1954 ni ilé iṣẹ́ J. Lyons ní London, àwọn tó ń ta tíì àti kéèkì, ti ń fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní LEO ṣírò owó àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Ní tiwa, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní IPPIS ní oṣù Kẹrin 2007, pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba mélòó kan láti fi dán an wò. Ète rẹ̀ ni kí orúkọ, ìtẹ̀ka àti owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà lójú kan. Ní 2014, Báńkì Àpapọ̀ gbé BVN jáde, nọ́ńbà kan fún èèyàn kan, iye àkáǹtì yòówù kó ní.

A ò lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ìnáwó, ìjọba kéde pé IPPIS ti tú àṣírí ayédèrú òṣìṣẹ́ 46,821. Ní 2016, nígbà tí Kemi Adeosun wà nípò yẹn, wọ́n kéde pé àwọn ti yọ orúkọ 23,846 mìíràn kúrò, wọ́n sì lo BVN láti fi ṣàyẹ̀wò. Bí ẹ̀rọ ṣe ń rí irú wọn kò le: bí orúkọ márùn-ún bá ń gbowó, tí BVN wọn sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹnì kan ló ń jẹun ẹni márùn-ún. Akọ̀wé tó ń ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan lè lo ọdún mẹ́wàá kó má rí i. Ẹ̀rọ á rí i kí ẹ tó mu omi tán.

Ẹ̀rọ náà ní àrùn tirẹ̀

Àmọ́ ẹni tó bá fi irọ́ bọ́ kọ̀ǹpútà, irọ́ náà ló máa pọ̀ jáde. Ẹ rántí ìjà ẹgbẹ́ olùkọ́ fásitì, ASUU, pẹ̀lú ìjọba lórí IPPIS. Nígbà tí wọ́n fipá mú àwọn fásitì wọlé ní 2020, àwọn olùkọ́ figbe ta pé wọ́n ń yọ owó àwọn láìnídìí, pé àwọn kan ò rí owó gbà rárá, pé ètò náà ò mọ iṣẹ́ fásitì. Wọ́n tiẹ̀ ṣe ètò tiwọn, UTAS, láti fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, ìjọba gbà pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kúrò lórí IPPIS. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi lè jà ni ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó ní ìwé owó oṣù tó gbà tẹ́lẹ̀ lè fi ìka tọ́ka sí i pé, "Ibí yìí ni iye mi, ibí yìí ni iye tẹ́ ẹ san." Káàdì alájọ tún ti padà dé nìyẹn.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Britain, ẹ ò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ Morrisons. Ní 2014, ọ̀kan lára àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò nílé iṣẹ́ náà, tínú ń bí sí ilé iṣẹ́, gbé àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 sórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà àkáǹtì, iye owó oṣù. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 8 ní 2015. Àwọn òṣìṣẹ́ pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, àmọ́ ní 2020 ilé ẹjọ́ náà sọ pé ẹ̀bi ilé iṣẹ́ kọ́. Ẹ rántí ọkọ̀ ńlá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ọkọ̀ kan ò bá lè gbé tán, ẹnì kan gbé e nínú fláàṣì tí kò ju ìka lọ. Kì í sì í ṣe àlejò ló jalè. Ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ámẹ́ríkà náà, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ rántí oṣù Kejìlá 2021. Àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ètò Kronos pa, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń ka wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ̀rọ̀ náà fi dàrú, owó àwọn kan dín, owó àwọn kan ò pé. Kí làwọn ilé ìwòsàn kan ṣe? Wọ́n padà sídìí bébà àti bírò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bébà àti ẹ̀rọ ń wá ara wọn.

Ìwé 2004 tí a ṣì ń wá

Bẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí, ẹ gbọ́ èyí tó kan ará ìlú wa lónìí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun dé ní oṣù Kẹfà 2004. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti jọ ń dá owó sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2014, ó di ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Èyí wà nínú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú 2004 ní owó ọdún àtẹ̀yìnwá tó tọ́ sí i. Ipò tó wà àti iye tó ń gbà ní oṣù Kẹfà 2004 ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ìwé ìgbà yẹn, bébà ni.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 2000 lè wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 2035. Lọ́dún yẹn, nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ á máa fi fóònù ṣe ohun gbogbo, bébà 2004 ni wọ́n ṣì máa fi sọ iye tó máa gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìmọ́tótó ilé, tẹ́ ẹ ń dáná sun àwọn "ìwé àtijọ́" bàbá, ẹ rọra o.

Ní òkè òkun, ẹ má rò pé ọ̀gá yín á bá yín tọ́jú rẹ̀ títí láé. Ní Britain, òfin sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó oṣù fún ọdún 3 lẹ́yìn ọdún owó orí tó kàn. L'Ámẹ́ríkà náà, ọdún 3 ni òfin ìjọba àpapọ̀ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè dà á nù.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ ṣe bí ìyá ọlọ́jà. Ẹ má fi káàdì sílẹ̀ sọ́wọ́ alájọ.

Ẹ kó ìwé ìgbàsíṣẹ́, ìwé ìfìdímúlẹ̀, gbogbo ìwé ìgbéga, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé owó oṣù yín jọ sínú fáìlì kan tí omi ò lè wọ̀. Ẹ ya fọ́tò wọn tàbí kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ dà wọ́n kọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí òmíràn wà nílé ẹlòmíràn tẹ́ ẹ fọkàn tán, kí ẹ̀kẹta wà nínú ímeèlì tàbí fláàṣì tó ní password. Bí iná bá jó ọ̀kan, òkúta ò ní bá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ máa ka ìwé owó oṣù yín lóṣooṣù, kẹ́ ẹ sì fi wé iye tó wọ bánkì. Àṣìṣe oṣù kan rọrùn láti tún ṣe ju ti ọdún mẹ́wàá lọ. Bí wọ́n bá ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù nìkan, ẹ tẹ èyí tó ṣe pàtàkì jáde sórí bébà, pàápàá ti oṣù tí wọ́n gbé yín ga àti ti oṣù tí iye yín yí padà.

Ẹ má gbé ìwé owó oṣù sójú WhatsApp ẹgbẹ́ tàbí ti ẹbí, torí nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ yín pé síbẹ̀. Ẹni tó bá pè yín pé ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì lòun ti ń pè, tó wá ń béèrè BVN tàbí nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ pa fóònù náà. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí kò bá tọ́.

Paríparì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ, aya tàbí ọmọ kan mọ ibi tí fáìlì náà wà. Owó tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa rẹ̀ kì í dé ọwọ́ ọmọ òrukàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní fóònù tó dáa, bẹ́ ẹ bá wálé lọ́dún, ẹ bá àwọn àgbà jókòó fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìwé wọn. Wákàtí kan yẹn lè gba iṣẹ́ ọdún 35 là.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Olódùmarè ò ní jẹ́ ká ṣiṣẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Ìlú wa á máa tẹ̀ síwájú o.